Ìyá Awẹmọ àti Ẹ̀rọ Omi Gbígbóná

Ní gbogbo ọdún tí Monínúọlá fi gbé Ìgèdè, kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní àdúgbò rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn. Kì í ṣe agbẹ̀bí o, ẹ má ṣì í mú. Àwọn agbẹ̀bí wà lọ́tọ̀, wọ́n sì máa ń rí i dájú pé gbogbo ayé mọ̀. Iṣẹ́ ti Monínúọlá ni omi. Bí ọmọ bá ti délẹ̀, tí wọ́n ti gé ìwọ́ rẹ̀, tí àwọn tó ń pariwo ti dákẹ́, wọn á ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀. Yóò gbé ìkòkò kaná fúnra rẹ̀, yóò já ẹfinrin àti ewé ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò wá ki ìgbọ̀nwọ́ bọ omi náà. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá ti gbà á, ó parí. Kò sí ìyá ọmọ tó láyà láti sọ pé omi gbóná jù tàbí pé ó tutù jù. Ìyá Awẹmọ ni wọ́n ń pè é. Àwọn géńdé tó ti nírùngbọ̀n ń dọ̀bálẹ̀ fún un lójú ọ̀nà oko, nítorí pé ó ti mọ ìdí wọn kí àwọn fúnra wọn tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ márùn-ún lòun náà bí, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Olúrántí lorúkọ rẹ̀. Àwọn fadá fi í sílé ẹ̀kọ́, ìwé náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ó kà á dé Ìbàdàn, ó kà á dé òkè òkun, nígbà tó sì máa padà, ó ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Adó-Èkìtì. Ọdún kan ló kù nígbà náà kí Nàìjíríà gba òmìnira. Àwọn òyìnbó ń di ẹrù wọn díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ń kó sínú ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Olúrántí ṣe bọ́ sínú ilé ìjọba kan lẹ́yìn ìlú, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìyìn wá.

Nígbà tí oyún ìyàwó rẹ̀ pé oṣù mẹ́fà, ó wa mọ́tò wá sí Ìgèdè lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin, Monínúọlá nìkan ló kù nínú ilé náà.

"Màmá," ló wí, "ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin lẹ ó wẹ ọmọ tó ń bọ̀ yìí."

Kò tún sí ohun tó yẹ kó sọ lẹ́yìn ìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Monínúọlá ti pín adìyẹ rẹ̀ fún aládùúgbò, ó ti ti ilẹ̀kùn, ó sì ti gbé àpótí tí ó fi ń wẹ ọmọ sẹ́yìn mọ́tò. Ọmọ ọlọ́mọ ló ti ń wẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ọmọ ọmọ tirẹ̀ ló wá kù báyìí, àkọ́bí ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, nítorí Olúrántí kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò mọ́.

Ilé náà dára. Ohun tó burú níbẹ̀ kò ju pé kò sẹ́nikẹ́ni nínú rẹ̀. Aago méje àárọ̀ kò ní lù kí Olúrántí má ti jáde. Ìyàwó rẹ̀, Adéfúnkẹ́, nọ́ọ̀sì ni, òun náà á wọ aṣọ funfun rẹ̀, á kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ, á sì bá ọkọ rẹ̀ lọ. Nírọ̀lẹ́ á tún kúnlẹ̀ kí i. Láàárín ìkúnlẹ̀ méjèèjì, kò sí ọ̀rọ̀. Ọmọ náà kì í ṣe aláìgbọ́ràn, kì í ṣe agbéraga, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jù. Bí Monínúọlá bá bi í léèrè bóyá ó sùn dáadáa, á ní, "Ẹ ṣé, Màmá, mo sùn." Tó bá bi í bóyá ọmọ inú rẹ̀ ń yí, á ní, "Ó ń yí, Màmá." Monínúọlá wá gbà nínú ara rẹ̀ pé ará oko ni ìyàwó ọmọ òun ń rí òun sí. Inú rẹ̀ sì bàjẹ́, àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ fún?

Kò sí igi ìdáná láti dá. Sítóòfù elépo òyìnbó ló wà nílé ìdáná, nítorí pé ilé ìjọba ni, èéfín kò gbọdọ̀ kan ògiri. Kò sí adìyẹ. Kò sí ẹni tí ń bímọ. Ohun kan ṣoṣo tó bá a lára mu níbẹ̀ ni igi àgbálùmọ̀ ńlá kan tó wà láàárín ilé àti ọ̀nà. Ẹ̀ka rẹ̀ na dé orí òrùlé. Abẹ́ rẹ̀ ni Monínúọlá máa ń gbé àpótí rẹ̀ lọ láàárọ̀. Àwọn obìnrin tó ń ti Ìyìn gbé ẹrù lọ sí Ọjà Ọba a máa sinmi níbẹ̀. Wọn á sọ iṣu kalẹ̀, wọn á nu òógùn, wọn á ní, "Ẹ kú ulé o, Ìyá." Òun náà á ní, "Ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú uṣẹ́." Wọn á sọ ti òjò, wọn á sọ ti ọkọ wọn, wọn á sọ ti ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú. Lẹ́yìn náà wọn á gbé ẹrù wọn, wọn á lọ. Ọ̀rọ̀ tí Monínúọlá ń gbọ́ lóòjọ́ nìyẹn tán.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹ̀rọ náà. Òyìnbó tó gbé ilé náà tẹ́lẹ̀ ló fi í sílẹ̀. Àpótí irin funfun ni, wọ́n kàn án mọ́ ògiri balùwẹ̀. Àgbá gáàsì kan wà níta tó ń fún un ní iná, tánkì omi òjò kan sì wà lórí òpó símẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fún un ní omi. Bí èèyàn bá ṣí táàpù, iná á gbà lójijì nínú àpótí náà, á jó ní àwọ̀ búlúù, omi á sì gbóná bó ṣe ń kọjá láàárín rẹ̀. Kò sí ìkòkò, kò sí ààrò, kò sí dídúró. Ọjọ́ tí Olúrántí kọ́kọ́ fi han ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló ṣe é. Monínúọlá ki ìgbọ̀nwọ́ bọ omi náà. Omi náà dára. Ìyẹn gan-an ló dùn ún, pé irin lásán mọ ohun tó gba òun ní ọ̀pọ̀ ọdún kí òun tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n omi náà kò ní ewé nínú. Aboyún olóṣù méje ló ń fi omi lásán wẹ̀! Ní Ìgèdè, obìnrin tí oyún rẹ̀ bá ti tó báyìí, omi ẹfinrin ni, kí ara rẹ̀ lè rọ̀, kí ọmọ sì mọ òórùn ibi tó ń bọ̀. Monínúọlá fẹ́ sọ fún Adéfúnkẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹta ló ya ẹnu, lẹ́ẹ̀mẹta ló pa á dé. Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ti kọ́ ọ ní tirẹ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín ńkọ́?

Ó wá ṣe ohun tó jẹ́ pé ẹni tó ti ń se omi láti kékeré nìkan ló lè rò ó. Ó wò ó pé tánkì ni ìkòkò ilé yìí. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wọn ti lọ síbi iṣẹ́, ó já ẹfinrin tó hù lẹ́yìn ilé, ó já ewé ọsàn wẹ́wẹ́, ó dì wọ́n sínú àkísà aṣọ ẹ̀lú rẹ̀ kan, ó gun àkàbà, ó ṣí ìdérí tánkì, ó sì sọ ọ́ sínú omi. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé lórí àkàbà! Bí ó ti sọ̀kalẹ̀, inú rẹ̀ dùn ju bó ti dùn láti ìgbà tó ti dé Adó. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún sọ òmíràn sí i. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò yọ ti tẹ́lẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ìsàlẹ̀ tánkì. Olúrántí kò fura. Sìgá tó ń mu kì í jẹ́ kó gbóòórùn ohunkóhun. Adéfúnkẹ́ kò sì sọ nǹkan kan. Ìgbà wo ló máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Olúrántí pariwo láti inú balùwẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú táwẹ̀lì nídìí, èjìká rẹ̀ pọ́n. Ó ní omi náà gbóná bí omi àmàlà. Ó yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà wálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, omi náà ṣì ń jóni. Ó yí i wálẹ̀ pátápátá. Bákan náà ni. Ó lọ fún ẹnu àgbá gáàsì pa, ó tún ṣí i díẹ̀, iná náà sì kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tó ń jáde ń rú èéfín síbẹ̀. Ó ní láti máa bu omi tútù mọ́ ọn nínú garawa kó tó lè wẹ̀. Táàpù omi tútù ní tirẹ̀ ń dà gìdìgìdì, kò ní wàhálà kankan.

Monínúọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo omi gbígbóná náà bó ṣe ń jáde. Ó ti tín-ín-rín. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń nípọn bí àtàǹpàkò. Ó ti wá rí bí òwú.

"Olúrántí," ló wí, "omi inú rẹ̀ ni kò tó. Bí omi bá kéré lórí iná, kíá ni í hó."

"Màmá, ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ìkòkò," ni Olúrántí dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn dà bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Monínúọlá padà sídìí igi rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í burú. Adéfúnkẹ́ na ọwọ́ sábẹ́ táàpù náà láìrò tẹ́lẹ̀, omi sì bó o láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Kò pariwo. Monínúọlá ló rí i tó jókòó létí ibùsùn, tó ń fi òróró pa ọwọ́ rẹ̀. Ìyá náà fẹ́ bá a pa á, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, mo ti parí."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Olúrántí pe ìyá rẹ̀ sí pálọ̀. Ó ní oṣù kan péré ló kù kí ọmọ dé. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ tuntun sábẹ́ omi tó ń bó àgbàlagbà. Bí wọn kò bá rí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, nọ́ọ̀sì kan láti ọsibítù ni yóò máa wá wẹ ọmọ, pẹ̀lú omi tí wọ́n bá wọ̀n.

"Ẹ̀yin náà lè lọ sinmi díẹ̀ ní Ìgèdè, Màmá," ló wí. "Tí ọmọ bá ti lágbára, màá wá mú yín."

Monínúọlá ní ó dáa. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó jókòó, ó wo àpótí rẹ̀. Tí ọmọ bá ti lágbára, ta ló tún kù láti wẹ̀? Ohun tó torí rẹ̀ kúrò ní Ìgèdè, ìwẹ̀ ọmọ yìí ni. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí yóò sọ fún àwọn tó kó adìyẹ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni alátùn-únṣe dé. Adéyẹyè ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó kọ́ iṣẹ́ páìpù nínú ogun Bọ́mà, tó sì jẹ́ pé òun ló ń tún páìpù àwọn míṣọ́nnárì ṣe káàkiri Adó. Ó dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, àpò sípánà rẹ̀ lẹ́yìn. Olúrántí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bọ́tìnnì fún un. Adéyẹyè kò wo bọ́tìnnì. Ó ṣí táàpù gbígbóná, ó wò ó. Ó ṣí ti tútù, ó wò ó. Ó ti méjèèjì.

"Iná yìí kò ṣe nǹkan kan, ọ̀gá," ló wí. "Omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ti kéré jù. Bí omi kò bá tó, ohunkóhun tí ẹ bá yí, á máa jóni ni."

Olúrántí wo ìyá rẹ̀ fìrí, ó sì yára wo ibòmíràn. Monínúọlá kò láyọ̀ sí i. Ó ti ń bi ara rẹ̀ pé kí ló lè dí omi lọ́nà.

Adéyẹyè fún omi pa, ó tú páìpù tó wọ ìdí ẹ̀rọ náà. Asẹ́ irin kékeré kan wà níbẹ̀, kò ju ìdérí ìgò lọ. Táàpù tútù kò ní irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi ń dà. Asẹ́ náà ti dí pátápátá. Ọkùnrin náà fi èékánná yọ ohun tó wà níbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ewé tó ti rà ni, ó dúdú, ó ń yọ̀. Láàárín ewé náà, òwú ẹ̀lú mẹ́ta mẹ́rin wà, irú èyí tí í já lára àkísà.

Adéyẹyè gbé e sí imú. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó gun àkàbà, ó ṣí tánkì, ó ki apá bọ̀ ọ́ títí dé èjìká. Monínúọlá wà nísàlẹ̀, ó gbójú sókè. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ó rí i tí ọkùnrin náà fa nǹkan jáde lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì ń ki wọ́n sínú àpò sípánà rẹ̀ láìjẹ́ kí Olúrántí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rí wọn.

"Kí lẹ rí?" ni Olúrántí bi í.

"Ewé," ni Adéyẹyè dáhùn.

"Ewé kẹ̀? Láti ibo?"

Adéyẹyè wo òkè, ó wo ẹ̀ka àgbálùmọ̀ tó na sórí òrùlé. "Igi kò ha wà lókè yẹn?" ló wí. Irọ́ kọ́ ló pa, ẹ ó ṣàkíyèsí. Igi wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ó fọ asẹ́ náà, ó dá a padà. Omi gbígbóná ya jáde, ó nípọn, ó sì dára. Nígbà tó ń lọ, ó bá Monínúọlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó yọ àwọn ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú àpò rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ìyá, inú abọ́ lẹ máa já a sí," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀rọ kì í mu àgbo. Ìyá tèmi náà fi í wẹ̀ mí." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Monínúọlá rò pé ó ti parí síbẹ̀. Kò parí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Olúrántí jókòó tì í, inú rẹ̀ dùn.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ó wẹ ọmọ yín. Omi ti dára. Àmọ́ mo máa gé igi yẹn, kí ewé má tún jábọ́ sínú tánkì. Mo ti ránṣẹ́ pe agégi fún ọjọ́ Ajé. Ẹ ò ní bínú, àbí? Mo mọ̀ pé ẹ máa ń jókòó síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Monínúọlá. Ẹyọ gbólóhùn kan ni. Bí ó bá sọ ọ́, igi yóò dúró. Ṣùgbọ́n Olúrántí yóò mọ̀ pé ìyá òun ló gun àkàbà lọ kó ewé sínú omi tí gbogbo ilé ń wẹ̀, pé ìyá òun ló jẹ́ kí omi bó ìyàwó òun. Ṣé á tún gbé ọmọ lé e lọ́wọ́? Adéfúnkẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń rán aṣọ ọmọ, kò gbójú sókè.

"Ugi ni, kì í ṣe ènìyàn," ni Monínúọlá wí. "Gé e."

Wọ́n gé e lọ́jọ́ Ajé. Monínúọlá kò jáde. Ó ń gbọ́ àáké láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó sì gbọ́ ìgbà tí igi náà wó, tí ilẹ̀ mì títí dé abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Nígbà tó wá jáde, ojú ọ̀run ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó máa ń gbé e sí. Àwọn obìnrin Ìyìn dé láti ojú ọ̀nà, ẹrù lórí. Wọ́n ní, "Ẹ kú ulé o, Ìyá." Ó dá wọn lóhùn. Wọn kò dúró. Oòrùn ń pa wọ́n, ibo ni wọn yóò sọ ẹrù kalẹ̀ sí? Ó dúró títí tí ẹni ìkẹyìn fi kọjá, lẹ́yìn náà ó gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Kò tún gbé e jáde mọ́. Ó ti ta igi ra ọmọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè jẹ́wọ́ rẹ̀ fún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Adéfúnkẹ́ bímọ obìnrin kan ní ọsibítù. Wọ́n gbé e wálé lọ́jọ́ kẹrin. Olúrántí dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo omi, ó ń wo ìyá rẹ̀. Nígbà tó rí i pé omi ń dà dáadáa, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun, ó sì lọ. Ó wá ku obìnrin méjì àti ọmọ.

Monínúọlá jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀. Ó tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, ọmọ náà sì rí bí Olúrántí ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, etí kan kéré ju èkejì. Ó ki ìgbọ̀nwọ́ bọ omi inú abọ́ tánganran. Omi náà dára. Ohun tó ti ń dúró dè láti Ìgèdè nìyí. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra. Ó wo ọmọ náà, ó wo fèrèsé níbi tí ẹ̀ka igi máa ń wà tẹ́lẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀, ó kán sí ikùn ọmọ.

"Màmá?" ni Adéfúnkẹ́ wí.

"Èmi ni," ni Monínúọlá wí. "Èmi ni mo kó ewé sínú tánkì. Igi yẹn kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo jẹ́ kí omi bó ọ. Bí o bá fẹ́ gba ọmọ rẹ, gbà á."

Adéfúnkẹ́ kò gba ọmọ. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, lórí símẹ́ńtì tútù.

"Mo mọ̀, Màmá," ló wí. "Mo mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹfinrin àti ọsàn wẹ́wẹ́."

Monínúọlá wò ó.

"Mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí ìyá mi kú. Wọ́n ti sin ín kí n tó délé. Òun náà ló ń fi í wẹ̀ mí. Láti ìgbà náà n kò gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ nínú omi yìí, mo jókòó síhìn-ín, mo sunkún títí omi fi tutù." Ó fọwọ́ kan àpá tó wà lápá rẹ̀. "Mo rò pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ojú á tì yín, ẹ ò ní ṣe é mọ́. Mo rò pé ẹ kò fẹ́ràn mi ni ẹ kò fi sọ fún mi."

"Ọjọ́ tí Olúrántí ní kí wọ́n gé igi ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà," ni Adéfúnkẹ́ wí. "Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, wọn á dá yín padà sí Ìgèdè. Á wá ku èmi nìkan nínú ilé yìí."

Ọmọ náà sín, ó tún sín. Bí oṣù mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi gbé ilé kan náà, tí oníkálukú ń sunkún ní yàrá tirẹ̀, tí igi tí kò ṣẹ̀ sì fi orí gbà á.

"Omi ń tutù lọ, Màmá," ni Adéfúnkẹ́ wí níkẹyìn. "Ṣé ẹfinrin wà lọ́wọ́ yín?"

Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti so ó mọ́ etí ìró láti àná tí ọmọ ti délé, láìmọ ohun tí yóò fi í ṣe. Ó tú u, ó já a sínú abọ́, ó fi ọwọ́ rún un, òórùn rẹ̀ sì kún balùwẹ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ọmọ. Adéfúnkẹ́ fi orí ti orúnkún rẹ̀, ó di ojú.

Ọjọ́ ọjà ni. Láti ojú ọ̀nà, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn obìnrin tó ń ti Ìyìn bọ̀. Ohùn kan pe wọ́n láti inú oòrùn pé, "Ẹ kú ulé o."

Lọ́jọ́ yìí, ohùn méjì ló dáhùn. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà ti kọjá lọ, nítorí kò sí ibi tí wọ́n lè dúró sí mọ́.